Lẹ́tà G tó wà lẹ́yìn 5600: oṣù 14 pẹ̀lú kọ̀ǹpútà ìdílé tí mo fọwọ́ ara mi tò

Ẹni tó bá fẹ́ lo kọ̀ǹpútà wa àtijọ́ láàárọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnì rẹ̀ kó tó lọ wẹ̀. Bó bá wẹ̀ tán, tó wọṣọ, tó padà dé, yóò bá a níbi tó ti ń yí róbótó, tí háàdì dísìkì inú rẹ̀ ń kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Ó ti sìn wá, mi ò ní bú u. Ṣùgbọ́n processor Intel, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, Core i5 ìran kẹrin, ló wà nínú rẹ̀, Windows 11 ò sì gba irú rẹ̀ mọ́ra. Láti ìran kẹjọ ni ti Intel ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Microsoft wá ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 lòun máa dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró, mo mọ̀ pé àkókò ti tó.

Márùn-ún la wà nílé. Èmi ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò owó fún àwọn oníbàárà mi. Bàbá àwọn ọmọ ń fi tẹ ìwé, ó sì ń fi wo bọ́ọ̀lù. Àkọ́bí wa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé fídíò tí wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, èkejì ń ya àwòrán, àbíkẹ́yìn ò sì mọ ohun mìíràn ju Minecraft lọ. Owó tó wà nílẹ̀ ò pọ̀, ojú gbogbo wọn sì wà lára rẹ̀. Mo ní kàkà kí n ra èyí tí wọ́n ti tò sílẹ̀, tí mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, màá ra ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì tò ó pọ̀ fúnra mi.

Àbúrò mi ọkùnrin, tí géèmù ti di oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ dá sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wulẹ̀ ra kọ̀ǹpútà tí ò ní graphics card. Ẹ máa padà wá bá mi." Káàdì tó ń gbé àwòrán jáde sójú mọ́nítọ̀ ló ń sọ. Mo wo owó èyí tó fẹ́ kí n rà, mo rí i pé káàdì náà nìkan máa jẹ ìdajì owó ọwọ́ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bá tèmi lọ.

Kí n tó sọ ohun tí mo rà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe mi, torí odindi alẹ́ mẹ́ta ló gbà lọ́wọ́ mi.

Gbogbo ìwádìí mi ti já sí processor kan, Ryzen 5 5600G ti ilé iṣẹ́ AMD. Core, ìyẹn ọwọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́, mẹ́fà ló ní, thread, ìyẹn iṣẹ́ tó lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà, 12, 3.9 GHz ni eré rẹ̀, ó sì lè sá dé 4.4 bí iṣẹ́ bá le. 65W ni wọ́n kọ sí i lára. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde, Vega 7 lorúkọ rẹ̀, ti wà nínú processor náà, nítorí náà kò sí ìdí láti ra graphics card. Ọdún 2021 ló jáde. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sanwó, mo rí Ryzen 5 5500 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: core mẹ́fà, thread 12, 65W, socket AM4 kan náà (ihò tí processor ń wọ̀ lórí bọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń jókòó lé), 2022 ló jáde, owó rẹ̀ sì rọjú ju ti 5600G lọ. Mo ní àṣé ìyàtọ̀ 100 péré ló wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì. Èyí tó dé kẹ́yìn ló sì yẹ kó mọ̀ jù. Mo fi 5600G sílẹ̀, mo gbé 5500.

Mo tò ó tán lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Fáànù yí, iná kíbọ́ọ̀dù tàn, ojú mọ́nítọ̀ dúdú bí kóró iṣin. Mo yọ wáyà HDMI, mo tún un kì bọ̀ ọ́. Mo yọ RAM, ìyẹn ìrántí kọ̀ǹpútà, mo nù ún, mo dá a padà. Mo yá wáyà mìíràn. Mo yọ bátìrì pẹlẹbẹ orí bọ́ọ̀dù kúrò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bóyá ó lè gbàgbé ohun tó ń bí i nínú. Òkùnkùn náà ni. Bàbá àwọn ọmọ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó padà lọ. Ìyẹn dùn mí ju kó bú mi lọ.

Alẹ́ ọjọ́ kẹta ni mo tó fi sùúrù ka ìwé pẹlẹbẹ tó bá bọ́ọ̀dù wá. Wínníwínní ni wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan: ojú HDMI tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù ò ní ṣiṣẹ́ àfi bí processor bá ní ẹ̀rọ àwòrán nínú. 5500 ò ní in. Irú ṣípù kan náà ni òun àti 5600G, ṣùgbọ́n AMD ti pa apá tó ń gbé àwòrán jáde lára tirẹ̀ kó tó kúrò nílé iṣẹ́. Lẹ́tà G yẹn ni owó tó lé lórí 5600G, èmi sì rò pé mo ti fọgbọ́n ṣe é.

Nítorí náà, ìdí orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo nọ́ńbà. Lórí AM4 ti AMD, G ló ń sọ pé àwòrán wà nínú rẹ̀. Àwọn GT tó jáde ní 2024, ìyẹn 5600GT àti 5500GT, ní in pẹ̀lú. 5600 lásán ò ní, 5600X ò ní, 5500 lásán ò ní. Lọ́dọ̀ Intel, òdì kejì ni: àwòrán ló wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, lẹ́tà F ló ń sọ pé wọ́n ti mú un kúrò. Core i3-12100 ń gbé àwòrán jáde, i3-12100F ò gbé e. Bí ẹ bá rí processor tí owó rẹ̀ ṣàdédé rọjú ju ti ìbejì rẹ̀ lọ, lẹ́tà kan ló fà á.

Yíyọ 5500 kúrò tún ní ìtàn tirẹ̀. Fáànù tó bá a wá nínú páálí, Wraith Stealth, ni mo fẹ́ ṣí. Mo tú sìkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fà á sókè tagbáratagbára, processor sì bá a jáde pọ́ọ̀, ó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ọ̀rá eérú tí wọ́n fi sí àárín wọn ti gbẹ, ó ti di àtè. Lórí AM4, abẹ́ processor gan-an ni àwọn pínnì wà, 1331 ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan rí bí irun ojú. Méjì ti tẹ̀. Mo gbé e sábẹ́ iná tábìlì, mo mú káàdì báǹkì kan tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, mo ti etí rẹ̀ bọ àárín ìlà àwọn pínnì náà, mo ń tì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí wọ́n fi tò gbọọrọ padà. Mi ò rò pé mo mí rárá ní gbogbo àkókò yẹn. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan wá sọ fún mi pé ṣe ni kí n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà wà lórí iná díẹ̀ kí ọ̀rá náà lè rọ̀, kí n sì máa yí fáànù lọ sọ́tùn-ún lọ sósì kí n tó gbé e. Mo ti ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìgbà náà, ó rọrùn bí ìgbà tí wọ́n ń ṣí ìdérí ìgò.

Ta ló gba 5500? Àbúrò mi náà ni. Òun ní graphics card tirẹ̀, kò fẹ́ àwòrán lọ́wọ́ processor, Ryzen 3 àtijọ́ tó wà lórí bọ́ọ̀dù rẹ̀ sì ti rẹ̀. Ó san iye tó wù ú, mo gbà á láìjanpata, mo fi owó kún un, mo lọ gbé 5600G. Nígbà tí mo fi sí i, mọ́nítọ̀ tàn kí n tó gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́ọ̀tìnì.

Kí ni mo rí lára 5600G láti oṣù 14 wá? Ìwé ìṣirò mi tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà ń ṣí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fídíò tí àkọ́bí ń gé kì í há mọ́. Minecraft ń lọ geere. Àwọn géèmù ńláńlá òde òní, àfi kí ẹ dín dídán àwòrán wọn kù gan-an, kí ẹ má sì retí ẹwà. Ohun kan tí mi ò fẹ́ lára rẹ̀ ni ariwo fáànù yẹn: bí ọmọ bá ń yọ fídíò jáde, ẹ máa gbọ́ ọ láti yàrá kejì. Mo wọ BIOS, ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé, mo ní kó má tètè máa sáré, ó dínkù, kò tán.

Ká sọ òtítọ́, bí kò bá sí géèmù àti fídíò nílé wa, Core i3-12100 ni ǹ bá rà. Core mẹ́rin péré ló ní, thread mẹ́jọ, ṣùgbọ́n fún ìwé títẹ̀, ìṣirò àti íntánẹ́ẹ̀tì, ó yára, kò sì gba owó púpọ̀. Àwòrán tirẹ̀, UHD 730, ni kò lè bá Vega 7 dù ú. Mo wo AM5 náà, socket tó tẹ̀ lé AM4. Ryzen 5 8600G tó wà níbẹ̀ dáa jù èyí tí mo rà lọ dáadáa, ṣùgbọ́n RAM DDR5, ìran tó tẹ̀ lé DDR4 tèmi, nìkan ni AM5 ń gbà, bọ́ọ̀dù rẹ̀ sì wọ́n. Tí mo bá ro processor, RAM àti bọ́ọ̀dù pọ̀, owó tó yẹ kí n fi ra mọ́nítọ̀ ló máa gbé e lọ.

RAM: ẹ ra méjì. Mi ò ní kí ẹ ra púpọ̀ o, méjì ni mo wí. Igi 8GB méjì dáa ju igi 16GB kan lọ fún irú kọ̀ǹpútà yìí, torí pé ẹ̀rọ àwòrán inú processor ò ní ìrántí tirẹ̀. Inú RAM yín ló ti ń bu. Igi DDR4-3200 kan ń gbé 25.6 GB kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; méjì tó wà ní ihò tó yẹ ń gbé 51.2. Mo dán an wò fún ara mi: mo yọ igi kan, mo ní kí àbíkẹ́yìn wá ṣeré. Kò mọ ohun tí mo ṣe. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tó fi ké pé, "Mọ́mì, kí lẹ ṣe fún un? Ó ń fò!" Mo dá a padà, ó dákẹ́.

Ihò mẹ́rin ló wà lórí bọ́ọ̀dù mi, ìkejì àti ìkẹrin láti ẹ̀gbẹ́ processor ni wọ́n ń wọ̀. Èmi kọ́kọ́ kì wọ́n sí ìkíní àti ìkejì, torí ibẹ̀ ló sún mọ́ra. Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ ni pé RAM 3200 tí ẹ rà kì í fúnra rẹ̀ sáré dé 3200. Tèmi ń rìn ní 2400 fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó wọ BIOS lọ tan XMP, ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé iye tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa tẹ̀ ẹ́, ẹ ti sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì jáyà bí Windows bá sọ pé 16GB yín ò pé. Èyí tó kù wà lọ́wọ́ àwòrán.

SSD, ìyẹn ibi ìfáìlì-pamọ́ tí kò ní ohun tó ń yí nínú bíi ti háàdì dísìkì, ni gbogbo ilé mọ̀ lára. Oríṣi tó yára, NVMe, 1TB ni mo rà, irú pẹlẹbẹ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 22 mm, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 80 mm, tí wọ́n ń tì bọ ojú bọ́ọ̀dù láìsí wáyà kankan. Windows ń ṣí ní ìṣẹ́jú-àáyá 17. Ẹni tó ń wẹ̀ kó tó lò ó tẹ́lẹ̀ ò ní àwáwí mọ́. Ibì kan wà tí mo ti gba ara mi lọ́wọ́ ìnáwó: ẹni tó ń tà á fẹ́ kí n ra PCIe 4.0 (PCIe ni ọ̀nà tí SSD ń gbà bá processor sọ̀rọ̀), ó ní ìlọ́po méjì ni eré rẹ̀. Òótọ́ ló sọ, bọ́ọ̀dù B550 mi sì lè gbà á. Àmọ́ 5600G fúnra rẹ̀ ò kọjá PCIe 3.0, ibi tí ọ̀nà bá sì ti há ni mọ́tò ti ń rọra. Mo ra 3.0, tó ń kà ní nǹkan bí 3500 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá. SSD oníwáyà, ìyẹn SATA, ò lè kọjá nǹkan bí 550. Ìyẹn pàápàá, bí òun lowó yín ká, máa dà bí iṣẹ́ ìyanu lára ẹni tó ti háàdì dísìkì bọ̀. Bí ẹ bá ní ànfààní láti yàn, ẹ mú èyí tí wọ́n kọ TLC sí ju QLC lọ (oríṣi ṣípù inú SSD ni méjèèjì). QLC máa ń rẹ̀ bí ẹ bá da fáìlì ńlá lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà.

Sìkúrù tó ń di SSD mú ò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò rí i mọ́ títí dòní.

Fún àwọn fọ́tò ìdílé, mo fẹ́ ibi tí màá ṣe ẹ̀dà wọn sí. Mo bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta dísìkì kékeré kan, 2TB, owó rẹ̀ ò ju owó páálí rẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà náà sì jẹ́rìí sí i: 2TB ló kà. Àbúrò mi ló ní kí n má tíì da nǹkan sí i, kí n fi H2testw dán an wò. Ètò ọ̀fẹ́ ni, ṣe ló ń kọ nǹkan kún dísìkì náà tó sì ń kà á padà. Gbogbo òru ló fi ṣe é. Láàárọ̀, 32GB péré ló rí. Ìyókù ò sí níbì kankan, irọ́ lásán ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ò gbé ìpè mi mọ́. Ká ní mo ti da fọ́tò wa sí i ni, ì bá gbà wọ́n tẹ̀rín-tẹ̀rín, kó sì gbé wọn mì.

Mo fẹ́ jókòó díẹ̀ sórí power supply, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, torí kò sẹ́ni tó ń fi í yangàn, òun ló sì lè ba ìyókù jẹ́. Àpótí tí mo rà bá ọ̀kan wá lọ́fẹ̀ẹ́. 600W ni wọ́n kọ gàdàgbà sára rẹ̀. Mo gbé e lọ́wọ́, ó fúyẹ́ bí páálí òfìfo. Òun ni mo lò ní àwọn alẹ́ mẹ́ta òkùnkùn yẹn, tó bá sì ti tó wákàtí kan, òórùn rọ́bà tó ń jó á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn rẹ̀. Mo pe ẹni tó ta àpótí náà. "Mádàámú, tuntun ni. Bí gbogbo wọn ṣe máa ń rùn nìyẹn." Mo yí i dé, mo ka bébà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ìlà 12V, 18A ni wọ́n kọ. Ẹ sọ 12 di ọ̀nà 18: 216 ni. 12V yìí ni processor àti graphics card ń jẹ. Àwọn ìlà yòókù tí wọ́n rò mọ́ ọn kó lè di 600, ṣe ni kọ̀ǹpútà òde òní ń tọ́ wọn wò lásán. Kò sí àmì 80 PLUS, tó ń jẹ́rìí pé kì í fi iná ṣòfò, lára rẹ̀, wáyà processor rẹ̀ sì jẹ́ olójú mẹ́rin péré nígbà tí ihò bọ́ọ̀dù mi jẹ́ olójú mẹ́jọ.

Mo yọ ọ́, mo ra 550W tó ní 80 PLUS Bronze àti ìdánilójú ọdún márùn-ún. Ó wúwo. Lórí bébà tirẹ̀, 12V nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo 550 náà. Ká má purọ́, kọ̀ǹpútà mi ò nílò tó bẹ́ẹ̀. Mo ti fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ka iná sí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì: bó bá jókòó lásán, nǹkan bí 30W ló ń jẹ, bí ọmọ bá ń yọ fídíò, kì í sábà lé ní 100W. 450W tó dáa ti tó, ó tiẹ̀ ti pọ̀. Mo ra 550 torí ọjọ́ tí ọmọ lè wá bẹ̀bẹ̀ fún graphics card. Bí ó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni mo lè fi owó kún, ibẹ̀ ni màá fi í kún. Mi ò sì ní ra àlòkù power supply láéláé, bó ti wù kó mọ́ tó. Ohun kan ṣì wà: bí tiyín bá jẹ́ irú tí wáyà rẹ̀ ń yọ, ẹ má yá wáyà ti ẹlòmíràn, kódà bó wọ ihò náà déédéé. Ètò iná tó wà ní ẹ̀gbẹ́ power supply ò bára mu láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì, dísìkì lè kú síbẹ̀.

Bọ́ọ̀dù B550 tí mo rà jẹ́ micro-ATX, ìyẹn ìwọ̀n kékeré, mi ò ní ẹ̀sùn kan sí i lẹ́sẹ̀ àfi ẹyọ kan. Láti dín owó kù, mo mú èyí tí kò ní Wi-Fi. Mo rò pé màá fa wáyà. Mi ò fa wáyà kankan. Ohun kékeré tí mo rà láti kì bọ USB ló ń gbé wa, ó sì máa ń sọnù bí bàbá àwọn ọmọ bá ń wo bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ìyẹn ni pé ó máa ń sọnù nígbà tí góòlù bá kù díẹ̀ kó wọlé. Ẹ fi owó díẹ̀ kún un, ẹ mú èyí tó ní in. Bí ó bá sì jẹ́ bọ́ọ̀dù B450 ni wọ́n ń tà fún yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ bi wọ́n bóyá BIOS rẹ̀ ti mọ 5600G. Bọ́ọ̀dù náà ti wà kí processor yìí tó dé. Bí wọn ò bá tíì sọ ọ́ dọ̀tun, kò ní dá a mọ̀.

Àpótí ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ wá èyí tí atẹ́gùn ń gba iwájú rẹ̀ wọlé, tó ní fáànù méjì ó kéré tán. Dígí ẹ̀gbẹ́ ò wúlò fún ilé tí bọ́ọ̀lù ti ń fò kiri. Tèmi ní etí mímú kan nínú tó gé mi ní àtàǹpàkò. Irin pẹlẹbẹ tó ń bo ihò ẹ̀yìn ni mo gbàgbé láti kọ́kọ́ fi sí i, torí náà mo tú gbogbo bọ́ọ̀dù kúrò lẹ́yìn tí mo ti di sìkúrù rẹ̀ tán.

Iṣẹ́ tó le fún mi jù ni àwọn wáyà tíńtín tó ti iwájú àpótí wá: ti bọ́tìnì, ti iná, ti reset. Ihò wọn ò ju ìrẹsì lọ, igun bọ́ọ̀dù nísàlẹ̀ ni wọ́n sì wà, níbi tí ìka mi ò lè dé. Àbíkẹ́yìn ló bá mi ṣe é. Ó di tọ́ọ̀ṣì mú pẹ̀lú eyín, ó na ìka rẹ̀ wọ abẹ́ wáyà, mo ń kà á fún un láti inú ìwé: "Ìlà òkè, láti ọwọ́ òsì, ìkẹta." Kò ṣe àṣìṣe kankan. Láti ìgbà náà ló ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun lòun tò ó.

Mọ́nítọ̀ ni ibi tí mo ti ra àlòkù, mi ò sì kábàámọ̀. Ínǹṣì 24, 1080p, IPS. Mo tan gbogbo ojú rẹ̀ sí funfun, lẹ́yìn náà sí dúdú, kí n tó sanwó, láti wá àmì tó ti kú. Kò ní. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kì í ga, kì í relẹ̀. Ìwé ìtumọ̀ èdè méjì tó nípọn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ihò mẹ́rin ti 100 mm wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà mo lè ra apá irin fún un bó bá yá.

Fún Windows 11, mo kàn ní láti rí i pé fTPM, ẹ̀ṣọ́ ààbò inú processor tí Windows 11 ń béèrè, wà ní títàn nínú BIOS, ó sì gbà á. Mo ṣí àkáǹtì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ má bàa fi àwòrán ajá rẹ̀ bo ìṣirò mi. LibreOffice ni a ń lò fún ìwé, ọ̀fẹ́ ni, bàbá àwọn ọmọ sì ti dẹ́kun àròyé nípa ibi tí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan wà.

Ohun tó kù lójú mi báyìí ni fáànù tí ariwo rẹ̀ kéré, káàdì Wi-Fi gidi, àti dísìkì fọ́tò tí kì í purọ́.

Ní Sátidé tó kọjá, àbúrò mi pè mí. Ó ti ta graphics card rẹ̀. Ó fẹ́ ra èyí tó tóbi jù ú lọ, àmọ́ kò tíì dé, ó ní òun á máa lo kọ̀ǹpútà náà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, fáànù ń yí, iná kíbọ́ọ̀dù ń tàn, ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ ò gbé nǹkan kan jáde. Mo ti yọ RAM, mo ti pààrọ̀ HDMI." Mo ní kó rọra wá páálí processor rẹ̀ lọ, kó ka ohun tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà náà sí mi létí.

"5500," ló wí. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀."